Fọ́tò Tó Wà Lára Ògiri Àǹtí Ẹlẹ́ja

Ẹ-Má-Rẹ́rìn-ín ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ mi. Iṣẹ́ fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ló ń ṣe, ẹ sì mọ̀ pé àwọn ọ́fíìsì tó ń gba pásípọ́ọ̀tù ò fẹ́ rí eyín ẹnikẹ́ni. Bí oníbàárà bá ti jókòó síwájú aṣọ funfun tó ta mọ́ ògiri, ohun tó máa kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn: “Ẹ má rẹ́rìn-ín.” Ohùn kan náà, láti àárọ̀ dalẹ́. Ọmọ tí ò tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa ládùúgbò wa ti mọ bí wọ́n ṣe ń sín in jẹ.

Èmi nìkan ni kì í pè é bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni mo ń pè, “ìwọ” ni mo sì ń bá a sọ, torí ọdún kan náà ni wọ́n bí wa, kíláàsì kan náà la jọ jókòó sí. Kí ẹni tí ìyẹn bá bí nínú lọ forí sọlẹ̀.

Ọkọ mi ò lówó, kò sì gbọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ, ṣùgbọ́n ó lójú. Ohun tí ẹlòmíràn bá wò lẹ́ẹ̀kan tó sì kọjá, òun á dúró tì í. Tá a bá jọ jáde, mo lè ti dé ibi tá à ń lọ kó ṣì bẹ̀rẹ̀ síbì kan tó ń wo èèrà. Mo ti bá a jà lórí ẹ̀ títí ó fi sú mi.

Ilé ìwòsàn kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ra maikirosíkóòpù tuntun, ìyẹn awò tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n gbé ti àtijọ́ síta pẹ̀lú àwọn àga tó ti ṣẹ́. Ọkọ mi bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kó máa gbé e lọ. Ó tún iná ìdí ẹ̀ ṣe, ó fi páálí ọṣẹ ìfọyín àti rọ́bà so fóònù mọ́ ojú ẹ̀, ó wá ń wá ohun tó máa wò kiri. Ó wo iyọ̀. Ó wo irun mi, ó ní ó ti ń là lẹ́nu. Mo ní kó lọ wo tiẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó bu omi nínú adágún tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fi ń sin ẹja, ó gbé e wálé nínú ìgò, ó kán ẹ̀kán kan sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Oúnjẹ tutù. Mo pè é títí, kò dá mi lóhùn. Ìgbà tó máa gbórí sókè, omi ti kún ojú ẹ̀.

“Wá wò ó,” ó ní. “Wọ́n pọ̀ níbẹ̀.”

Mo wò ó. Mi ò ní purọ́, ara mi kọ́kọ́ bù máṣọ. Àwọn kan rí bíi bàtà, wọ́n ń sáré kiri. Òmíràn ní nǹkan lẹ́nu tó ń yí bíi ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ó fi ń fa oúnjẹ sí ọ̀fun. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ní ojú dúdú kan ṣoṣo, ara ẹ̀ sì mọ́ gaara débi pé mo rí ọkàn ẹ̀ bó ṣe ń lù. Ní ẹ̀yìn ẹ̀, nínú ara ẹ̀ níbẹ̀, ọmọ wà, tàwọn ti ojú tiwọn. Ìgbà tí mo rí àwọn ọmọ yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí lọ.

Báyìí ló ṣe di pé ọkọ mi ń ya fọ́tò àwọn tí ojú lásán ò lè rí. Àwọn yẹn kì í jókòó bíi oníbàárà, wọn kì í sì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ó ní láti fi etí bébà fa omi díẹ̀díẹ̀ kúrò lábẹ́ gíláàsì fẹ́lẹ́ tó bò wọ́n, títí gíláàsì náà á fi rọra dì wọ́n mú. Tí omi bá pọ̀ jù, wọ́n á sá lọ. Tó bá kéré jù, wọ́n á kú. Àárín méjèèjì yẹn ló ti ń ya tiẹ̀, á sì séèémí bí ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ tó ń sùn. Tó bá yà wọ́n tán, á fi omi kún un, á dà wọ́n padà sínú ìgò, tó bá sì di Sátidé á gbé ìgò lọ dà á padà sínú adágún.

Mo ní, “Ṣé wọ́n sọ fún ẹ pé àárò ilé ń sọ wọ́n ni?”

Ó ní ibi tí wọ́n ti mú èèyàn wá ya fọ́tò ni wọ́n ń dá a padà sí. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ni adágún yìí ni gbogbo èèyàn ń pè ní Àǹtí Ẹlẹ́ja. Ìyá wọn kú nígbà tí ọkọ mi ò tíì já lẹ́nu ọmú tán. Àǹtí fi ilé ìwé sílẹ̀, wọ́n pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, wọ́n lọ ń bá èèyàn yọ ìfun ẹja. Wọ́n máa ń sọ pé ìdí nìyẹn tí ọkọ mi kì í fi í jẹ ẹja títí dòní, pé ó ti gbóòórùn ẹ̀ yó láti ẹ̀yìn àwọn. Àwọn ló rán an lọ kọ́ṣẹ́ fọ́tò. Àwọn ló ra kámẹ́rà tó kọ́kọ́ lò. Nígbà tó yá tí Àǹtí ní adágún tiwọn, tí wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, “ọmọ mi” ni wọ́n ṣì ń pe ọkọ mi, níṣojú oníbàárà, níṣojú èmi ìyàwó ẹ̀, ọkùnrin tó ti hu irun funfun nírùngbọ̀n. Tí wọ́n bá pè lórí fóònù, wọn kì í kí mi tán tí wọ́n á fi ní, “Ọmọ mi ńkọ́?” Nígbà míì inú á bí mi. Màá ní ṣebí èmi ni mo fẹ́ ẹ.

Ọdún tí Àǹtí kun ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹja wọn, tí wọ́n gbé fíríìjì ńlá wọnú ẹ̀, ọkọ mi ní òun fẹ́ fún wọn ní nǹkan. Ó mú èyí tó dára jù nínú gbogbo fọ́tò tó ti yà: ìyá olójú kan yẹn, pẹ̀lú àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó tóbi bíi fèrèsé, ó fi férémù sí i. Ó wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀ gàdàgbà: INÚ ADÁGÚN Ẹ̀GBỌ́N MI NI MO TI RÍ I. Ìwúrí ló fi kọ ọ́. Bí ẹ bá rí i lọ́jọ́ yẹn, ẹ ó rò pé òun ló bí kòkòrò náà.

Ó gbé e kọ́ sára ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Àǹtí dúró síwájú ẹ̀, wọ́n wò ó pẹ́.

“Kí lèyí?” wọ́n ní.

“Ẹ̀yin ni,” ọkọ mi ní. “Inú omi yín ló ń gbé. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ wo bó ṣe pọnmọ.”

Àǹtí fi etí aṣọ nu ojú. Wọ́n wá fi í nu gíláàsì férémù, bẹ́ẹ̀ kò sí ìdọ̀tí kankan lára ẹ̀.

Obìnrin tó ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bíríkì ló kọ́kọ́ béèrè. Oníbàárà ńlá ni. Ó dúró, ó ń ka ohun tó wà nísàlẹ̀ fọ́tò, ètè ẹ̀ ń mì.

“Àǹtí, inú omi tí ẹja yìí ti wá ni nǹkan yìí wà?”

Tìdùnnú-tìdùnnú ni Àǹtí fi dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, pé ọmọ àwọn ló yà á. Obìnrin náà ní òun gbàgbé pọ́ọ̀sì òun sílé, pé òun ń bọ̀. Kò padà wá. Ẹlòmíràn fi fóònù ya fọ́tò náà, ó fi ṣọwọ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé kí wọ́n wá wo ohun tí àwọn ń jẹ. Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́ pé aràn olójú kan wà nínú ẹja Àǹtí, pé ó ti wọ ẹnì kan nínú, pé ó ń bímọ síbẹ̀. Ẹ wo ayé. Kòkòrò tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, tí ọmọ ẹja ń fi ṣe oúnjẹ, òun ni wọ́n sọ di apani.

Ọkọ mi ní òun á tún un ṣe. Ì bá jókòó jẹ́jẹ́. Ó gbé awò ẹ̀ lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù Àǹtí lọ́sàn-án gangan, ó to gíláàsì sórí tábìlì, ó ń pe àwọn tó ń kọjá: ẹ wá wò ó, kò lè ṣe yín ní nǹkan kan, kò sí omi adágún tí irú ẹ̀ ò sí, ẹ lọ bu èyí tó wà nílé yín wá ká jọ wò ó. Bàbá tó ń tún aago ṣe lọ bu tiẹ̀ wá lóòótọ́, láti inú táǹkì tí kò fọ̀ láti ọjọ́ tó ti rà á. Ó bojú wò ó, ó rí àwọn tó ń yíra kiri níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni bàbá yẹn ti ń ra omi inú ọ̀rá mu, gbogbo ẹni tó bá sì gbé aago wá ló ń sọ fún pé àbúrò Àǹtí Ẹlẹ́ja ti da nǹkan sí omi àdúgbò. Ọkọ mi fẹ́ fi omi paná, epo ló dà sí i. Mo fún un ní ọ̀rọ̀ gbígbóná lọ́jọ́ yẹn, mo wá rí i bó ṣe ń nu gíláàsì ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìgbójú sókè, mo bá dákẹ́.

Ó lọ bá Àǹtí, mo tẹ̀ lé e.

“Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́.”

“Ká yọ kí ni?”

“Fọ́tò yẹn.”

Àǹtí ń to ẹja tí kò sẹ́ni tó fẹ́ rà sínú fíríìjì. Wọn ò gbójú sókè. “A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni,” wọ́n ní. “Ọmọ mi ló fún mi. Tí mo bá yọ ọ́, ohun tí mò ń sọ fún wọn ni pé òótọ́ ni, pé ọmọ mi gbé ẹ̀gbin wá sórí ògiri mi.”

“Ọjà ò lọ mọ́.”

“Á lọ. Ẹnu á rẹ̀ wọ́n.” Wọ́n wá yíjú sí mi. “Ìyàwó mi, mú ọkọ ẹ lọ fún un lóúnjẹ. Ó ti rù.”

Bí wọ́n ṣe wí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á jókòó sábẹ́ fọ́tò náà, wọ́n á na ọrùn ṣánṣán. Ẹja kì í mọ̀ pé ọjà ò lọ. Ó ń jẹ, ó ń tóbi. Nígbà tí Àǹtí ò lè ra oúnjẹ tó tó wọn mọ́, àwọn ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àwọn kékeré. Ọkọ mi máa ń lọ wò wọ́n. Ó bo awò ẹ̀ mọ́lẹ̀, kò wò ó mọ́.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, ìfẹ́ ló sún un ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn kí inú tó bí mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Àǹtí lọ wá oúnjẹ ẹja, ó fi kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó yọ fọ́tò náà lára ògiri, ó gbé e wálé, ó fi aṣọ wé e, ó tì í sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù wa. Lójú tiẹ̀, ojú òun ni ẹ̀gbọ́n òun ń wò tí wọn ò fi lè yọ ọ́. Tí òun bá fọwọ́ ara òun yọ ọ́, ara á tù wọ́n.

Àǹtí dé, wọ́n bá ògiri lófìfo, ìṣó nìkan ló kù níbẹ̀. Àwọn aládùúgbò náà rí i. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ: “Ẹ ò rí i? Àbúrò ẹ̀ fúnra ẹ̀ ti wá gbé e sá. Ó mọ ohun tó rí.” Ìwọ̀nba oníbàárà tó kù, àwọn tó ti ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, àwọn náà fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Nírọ̀lẹ́ a lọ kí wọn. Wọ́n jókòó sórí àpótí lábẹ́ ìṣó yẹn.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Àǹtí mi,” ọkọ mi ní.

Àǹtí dìde. Ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n ọ́n dàgbà dìde fún un. Wọ́n fa àga, wọ́n nu orí ẹ̀. “Ẹ káàbọ̀, Onífọ́tò. Ẹ jókòó.”

Bí wọ́n ṣe ń kí àlejò nìyẹn. Kò sí ìbínú nínú ẹ̀, kò sí èébú. Ọkọ mi ò lè jókòó. Orí ìdúró ló wà tí omi ń dà lójú ẹ̀, èmi náà ò mọ ibi tí mo fẹ́ máa wò.

Láti ọjọ́ yẹn, nǹkan kan ṣoṣo ni ọkọ mi ń wá láyé: kí Àǹtí tún pè é ní ọmọ àwọn. Ó bẹ̀bẹ̀ títí, Àǹtí ní kò ṣẹ àwọn. Ó kúnlẹ̀, wọ́n ní kó dìde kí ilẹ̀ má ba aṣọ ẹ̀ jẹ́. Ó gbé fọ́tò náà padà lọ, wọ́n ní ẹ ṣeun, Onífọ́tò, ẹ máa mú un lọ sílé yín. Ìgbà tó máa tún gbé e lọ, wọ́n ti fi kàlẹ́ńdà kọ́ sórí ìṣó náà. Èmi gan-an lọ bá wọn. Mo ní Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú àánú wò ó, ọkùnrin yẹn ò rí oorun sùn mọ́.

“Ìyàwó mi,” wọ́n ní, “àwọn ará ìta lè sọ ohun tó bá wù wọ́n. Bó ṣe gbé e kọ́ ò dùn mí. Bó ṣe yọ ọ́ ló dùn mí. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ ọmọ mi láìdáa, mo dúró tì í. Òun náà wá dara pọ̀ mọ́ wọn.”

Mo mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe rò ó, mo sì mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí lójú wọn. Mo padà sílé, mi ò sọ ọ́ fún un títí ó fi bi mí, mo wá sọ ọ́ fún un. Ó gbọ́ ọ, ó ní òótọ́ ni.

Ọmọbìnrin Àǹtí, tó ń gbé lọ́nà jíjìn, ní kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Wọ́n gbà. Wọ́n ta ẹja tó kù fún àwọn tó ń lọ̀ ọ́ mọ́ oúnjẹ adìẹ, wọ́n ní kí wọ́n fa omi adágún gbẹ. Ọkọ mi wà níbẹ̀ látàárọ̀, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ń fi ìgò bu omi níbi tó bá ṣì kù sí. Àǹtí jókòó sórí òkúta, wọ́n ń wò ó. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń wò ó. Mo rí i tí ẹnu wọn ṣí, mo sì ń gbàdúrà nínú mi.

“Onífọ́tò,” wọ́n ní, “ẹ rọra o. Ibẹ̀ yẹn ń yọ̀.”

Lọ́jọ́ kejì ọkọ̀ gbé wọn lọ.

Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè ni ọkọ mi ń pè wọ́n. “Ẹ ǹlẹ́ o, Onífọ́tò. Ṣé dáadáa ni? Ìyàwó ńkọ́?” Ojú lọ̀rọ̀ wà, mo bá ní kó wọkọ̀ lọ bá wọn. Ó ní òun ò lè tún jókòó sórí àga tí wọ́n bá nù fún òun. Àwọn ìgò tó bù wà lójú fèrèsé wa, ó ń fi omi òjò kún wọn, ó ń já ewé sí i kí àwọn inú ẹ̀ lè rí nǹkan jẹ. Kò ya ẹyọ kan nínú wọn mọ́. Mo máa ń bá a tó dúró síwájú fèrèsé, tó ń wo àwọn àmì funfun tó ń tọ sókè sódò nínú omi. Mo máa ń gbá a léjìká kó wá jẹun. Mi ò bá a jà mọ́.

Lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ ni ọmọ Àǹtí pè. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi lọ́jọ́ náà, oníbàárà kan sì jókòó síwájú aṣọ funfun. A ti gbọ́ pé ara Àǹtí ò yá, ṣùgbọ́n a ò mọ̀ pé ó ti le tó bẹ́ẹ̀.

“Bọ̀dá, ẹ bá Màmá sọ̀rọ̀ kíákíá,” ọmọ náà ní. “Mo ti gbé fóònù sí wọn létí.”

Ọkọ mi tẹ̀ ẹ́ kí èmi náà lè gbọ́. Mímí wọn la kọ́kọ́ gbọ́.

“Ẹ ǹlẹ́, Àǹtí mi.”

“Ta nìyẹn?” Ohùn wọn ti di tín-ín-rín.

Ọkọ mi lanu, ó sì pa á dé. Mo mọ ohun tó wà lórí ahọ́n ẹ̀. Ẹ̀rù ló bà á. Ta ló fún un láṣẹ láti fi ẹnu ara ẹ̀ gba orúkọ yẹn padà? Èyí tí wọ́n ń pè é ló fi dáhùn.

“Onífọ́tò ni, Àǹtí mi.”

Wọ́n mí, wọ́n tún mí.

“Onífọ́tò wo?” wọ́n ní. “Ọmọ mi ni mo ní kí wọ́n pè fún mi.”

“Èmi ni,” ọkọ mi ní. “Àǹtí mi, èmi ni. Èmi ni ọmọ yín.”

Ohùn ọmọ Àǹtí la gbọ́. Ó ní wọ́n ti tún sùn lọ, pé tí wọ́n bá jí òun á pè padà. Wọn ò jí mọ́. Oníbàárà yẹn rọra dìde, ó jáde láìgba fọ́tò ẹ̀. Mo na ọwọ́ kí n gba fóònù lọ́wọ́ ọkọ mi, kò fún mi. Fóònù náà ti kú lọ́wọ́ ẹ̀, ọkọ mi ṣì gbé e sẹ́nu, ó ń sọ fún un pé òun ni.